Iná inú ọkọ̀ èrò kì í ṣe ọ̀ṣọ́

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wa ọkọ̀ lálẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá mọ ohun méjì tí àwọn ọlọ́pàá máa ń kọ́kọ́ pa láṣẹ fún awakọ̀ níbi tí wọ́n bá gbé igi dí ọ̀nà: kí ó dín iná iwájú kù, kí ó sì tan iná inú. "Ínà láìtì!" ni wọ́n máa ń pariwo, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti di ti gbogbo ènìyàn, títí kan ìyá àgbà tí kò wọ ilé ìwé rí. Awakọ̀ tí ó bá gbàgbé yóò gbọ́ èébú, ó sì lè rí ẹnu ìbọn. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ẹni tí ó dúró sí ojú ọ̀nà nínú òkùnkùn kò mọ ẹni tí ó ń bọ̀ wá bá a. Ó fẹ́ rí ojú, ó fẹ́ rí ọwọ́, ó fẹ́ mọ iye ènìyàn tí ó jókòó sí ẹ̀yìn kí ó tó sún mọ́ ọkọ̀ náà.

Bí ẹni tí ó gbé ìbọn dání, tí ó sì wọ aṣọ ìjọba, bá gbà pé ewu ni láti sún mọ́ ọkọ̀ tí inú rẹ̀ ṣókùnkùn, kí ni kí a ti wí nípa nọ́ọ̀sì tí ó jáde lẹ́nu iṣẹ́ ní aago 9 alẹ́, tí kò ní ohun ìjà kankan àfi báàgì àti fóònù rẹ̀? Dánfó kan dúró níwájú rẹ̀, inú rẹ̀ ṣú biribiri. Kọ̀ńdọ́ ń kígbe pé ó ku ẹyọ ẹnìkan, ọkọ̀ kò tilẹ̀ dúró tán. Kò sí ẹni tí yóò bá a pàṣẹ pé kí awakọ̀ tan iná inú. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó ní láti pinnu bóyá òun yóò fi ara òun sínú ibi tí òun kò rí.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ka ọ̀rọ̀ iná inú ọkọ̀ sí yẹpẹrẹ. Bí ẹnìkan bá dárúkọ gílóòbù LED nínú ọkọ̀, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fi iná aláwọ̀ oríṣiríṣi sọ inú ọkọ̀ wọn di ilé ijó. Bẹ́ẹ̀ gílóòbù kan náà yìí, bí ó bá jẹ́ funfun, tí a sì fi sí ibi tí ó yẹ, wà lára ohun tí ó rọrùn jù lọ tí ọlọ́kọ̀ èrò lè ṣe láti dáàbò bo àwọn tí wọ́n ń sanwó fún un. Àwáwí tí àwọn awakọ̀ àtijọ́ ní fún kíkó èrò nínú òkùnkùn ti tán. Ohun tí ó kù ni àìbìkítà.

Kí ènìyàn lọ dúró sí Ọṣòdì, sí Ìyànà Ìpájà tàbí sí Ọ̀jọ́ta nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, yóò rí i. Púpọ̀ nínú àwọn dánfó tí ó tò síbẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ Volkswagen tí ó ti sin ẹlòmíràn ní òkè òkun kí ó tó dé Èkó. Ọjọ́ tí wọ́n tú àga tí ó bá a wá, tí wọ́n fi bẹ́ǹṣì onírin rọ́pò rẹ̀, ni wọ́n ya aṣọ òrùlé rẹ̀ dànù, iná òrùlé sì bá a lọ. Nínú ọkọ̀ mìíràn, ilé gílóòbù ṣì wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n ó ṣófo. Nínú òmíràn, wáyà méjì ni ó rọ̀ sílẹ̀ láti òrùlé, tí wọ́n fi ọ̀rá dì lẹ́nu. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé nínú àwọn ọkọ̀ kan náà, rédíò ń tan búlúù, okùn iná pupa sì yí dígí iwájú awakọ̀ ká. Rédíò rí iná, èrò kò rí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní Ìbàdàn náà nìyẹn, nínú ọ̀pọ̀ àwọn Máíkírà tí ó ń ná Ìwó Road sí Ọ̀jọ́ọ̀ lálẹ́: ìmọ́lẹ̀ tí ó wà nínú wọn kò ju ti fóònù èrò lọ.

Ohun kékeré ni òkùnkùn yìí fi ń bẹ̀rẹ̀. Èrò fún kọ̀ńdọ́ ní náírà 1,000, ó gba ṣéńjì, kò sì mọ̀ títí tí ó fi délé pé ọ̀kan nínú owó tí òun gbà ti ya sí méjì, kò sì ní rí ẹni tí yóò ná an fún. Ìjà ṣéńjì tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Ọbáléndé tí kì í parí kí ọkọ̀ tó sọ̀kalẹ̀ lórí afárá Third Mainland, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni iná kékeré kan ì bá ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Etí bẹ́ǹṣì onírin fa ìró obìnrin ya nítorí pé kò rí i. Arúgbó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ ọkọ̀ bí ẹni tí ó ń sọdá odò. Bàtà ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n bọ́ sí abẹ́ àga, ó sì di ti ọlọ́kọ̀.

Ibi tí ó ń parí sí ni ó burú. Gbogbo ará Èkó ni ó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní wáǹ ṣáàǹsì: ọkọ̀ tí ó dà bí ọkọ̀ èrò, tí àwọn tí wọ́n jókòó sínú rẹ̀ dà bí èrò, tí ó sì jẹ́ pé ẹgbẹ́ olè kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ̀tàn náà dúró lórí pé ẹni tí ó fẹ́ wọlé kò ní ráyè wo ojú wọn. Nínú ìmọ́lẹ̀, obìnrin tí ó ti ń wọ ọkọ̀ Èkó fún ogún ọdún yóò kíyè sí i pé ọkùnrin ni gbogbo wọn, pé kò sí ẹni tí ó gbé ẹrù kankan, pé ẹni tí ó wà lẹ́yìn kò fẹ́ kí ojú àwọn ṣe mẹ́rin. Yóò sọ pé òun gbàgbé nǹkan, yóò sì padà sẹ́yìn. Nínú òkùnkùn, orí àti èjìká nìkan ni ó rí, orí àti èjìká kò sì fi ìwà hàn. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n ojú kò wúlò níbi tí kò sí ìmọ́lẹ̀.

Kì í sì í ṣe ọkọ̀ tí kò ní orúkọ nìkan ni ewu wà. Ní alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2022, ọ̀dọ́mọbìnrin kan wọ ọkọ̀ BRT ní Èkó láti agbègbè Chevron, ó ń lọ sí Ọṣòdì. Láti inú ọkọ̀ náà ni ó ti ń fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù pé ọkàn òun kò balẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, òkú rẹ̀ ni wọ́n rí. Ní ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó dá awakọ̀ náà lẹ́bi. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé gílóòbù kan ì bá gba ọmọ náà là. Ìwà ìkà kì í ṣe ohun tí iná nìkan lè lé lọ. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí wọ́n ń ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ara ọkọ̀ ni nọ́ńbà wà, iná ojú pópó lè jẹ́ kí wọ́n rí i. Ojú ẹni tí ó wa ọkọ̀ àti ojú àwọn tí wọ́n jókòó tì í, iná inú nìkan ni ó lè fi hàn.

Bí a bá bi awakọ̀ pé kí ló dé tí iná inú ọkọ̀ rẹ̀ kò tàn, ìdáhùn tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá ni bátìrì. Ní ayé gílóòbù àtijọ́, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ̀ máa ń dúró ní gáréèjì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á kú, á máa dúró de èrò; awakọ̀ sì lè gbàgbé iná sílẹ̀ mọ́jú. Ká ní gílóòbù méjì ni ó wà ní òrùlé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ watt 10. Bí wọ́n bá tàn fún wákàtí 12 láìsí ẹ́ńjìnnì, nǹkan bí ampere-wákàtí 20 ni wọ́n ti fà lára bátìrì volt 12. Bátìrì ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ jẹ́ 60 nígbà tí ó wà ní tuntun ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́ta nìyẹn, àwọn bátìrì tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ dánfó sì ti kúrò ní tuntun tipẹ́. Ní òwúrọ̀, títì ni wọn yóò ti ọkọ̀ náà.

Gílóòbù LED tí yóò ṣe iṣẹ́ kan náà kò ju nǹkan bí watt 1 lọ. Méjì rẹ̀, fún wákàtí 12 kan náà, yóò fa nǹkan bí ampere-wákàtí 2. Bátìrì tí ó bá kú nítorí èyí ti wà lẹ́nu ikú tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣì ń fi bátìrì ṣe àwáwí lónìí, tí rédíò rẹ̀ sì ń dún láti òwúrọ̀ di alẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gba àríyànjiyàn.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì kò ṣòroó yé. Nínú gílóòbù àtijọ́, wáyà tín-ín-rín kan ni iná mànàmáná ń mú gbóná títí yóò fi pọ́n, tí yóò sì mọ́lẹ̀. Ooru ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára tí ó ń jẹ, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń di ìmọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń jó ọwọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ yọ ọ́, tí ìgbọ̀nrìrì ojú ọ̀nà tí ó kún fún kòtò sì máa ń tètè já wáyà rẹ̀. LED kò ní wáyà tí ó ń pọ́n. Ègé kékeré kan ni, tí ó ń sọ iná mànàmáná di ìmọ́lẹ̀ tààrà. Nick Holonyak, ará Amẹ́ríkà, ṣe LED pupa tí ojú lè rí ní ọdún 1962, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ti aláwọ̀ búlúù tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa tó wáyé. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta tí wọ́n bí ní Japan, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, ni wọ́n gba Ẹ̀bùn Nobel nínú Físíksì ní ọdún 2014 nítorí rẹ̀. Láìsí búlúù kò sí funfun: ègé búlúù ni wọ́n ń fi ohun tí ó ń tan ìyeyè bò lójú, tí àwọ̀ méjèèjì fi ń para pọ̀ di iná funfun tí ó wà nínú fóònù, nínú ilé, àti nínú gílóòbù kékeré tí wọ́n ń tà ní Ládípọ̀ ní Múṣin tàbí ní ọjà Aráròmí ní Ìbàdàn.

Níbi ọjà yìí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Gílóòbù inú ọkọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ oríṣi méjì. Èkíní pẹlẹbẹ ní ìdí, títì ni wọ́n ń tì í bọ ilé rẹ̀. T10 ni wọ́n ń pè é. Èkejì gùn bí ọta ìbọn kékeré, irin ṣóńṣó wà ní orí àti ìdí rẹ̀. Gígùn ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, ó lè jẹ́ mìlímítà 31, 36, 39 tàbí 41. Ẹni tí ó bá ra 36 sí ilé 31 yóò fẹ irin tí ó yẹ kí ó dì í mú títí irin náà yóò fi kán. Ẹni tí ó bá ra 31 sí ilé 36, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ni yóò máa pa iná rẹ̀ tí yóò sì tún máa tàn án. Kí wọ́n yọ gílóòbù àtijọ́ dání lọ sí ọjà, kí wọ́n fi wé tuntun: ọgbọ́n tí ìyá tí ó ń ra ìdérí ìkòkò ń lò ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

LED tún mọ apá ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Gílóòbù àtijọ́ ń tàn bí ó ti wù kí wọ́n fi sí i. Púpọ̀ nínú LED kì í tàn bí wọ́n bá dojú rẹ̀ kọ ibi tí kò yẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ju èyí tí ó dára nù, tí wọ́n sì bú ẹni tí ó tà á, nígbà tí ó jẹ́ pé kí wọ́n yí i padà ni ó kù. Nínú àwọn ọkọ̀ òde òní, iná lè máa tàn wínníwínní lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á. Kì í ṣe àǹjọ̀nú ni ó wà nínú ọkọ̀. Iná mànàmáná kín-ún tí ó ń yọ́ kọjá nínú wáyà, tí kò tó láti mú gílóòbù àtijọ́ gbóná, ti tó LED láti ríran. Kí wọ́n sì ṣọ́ra fún èyí tí ó pọ̀ yanturu lójú àwo. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, volt tí ó ń wọ inú wáyà ọkọ̀ máa ń kọjá 12, ó máa ń tó 14. LED tí wọn kò fi nǹkan dáàbò bò yóò gbóná nínú ilé rẹ̀, yóò máa ṣẹ́jú, yóò sì kú láàárín oṣù díẹ̀. Bọ́ọ̀sì gígùn àti ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ń lo volt 24 ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún 12 yóò jó níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ewu tí ó tóbi jù kò sí nínú gílóòbù, ara wáyà ni ó wà. Nínú dánfó tí wọ́n ti tú gbogbo inú rẹ̀, kò sí ilé gílóòbù tí a óò kàn tì í sí. Ríwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ni yóò fa wáyà tuntun, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń so ó mọ́ orí bátìrì láìsí fíùsì. Wáyà yìí ń gba abẹ́ bẹ́ǹṣì onírin, irin ń ha á lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá bó, tí ó sì kan irin, kò sí ohun tí yóò dá a dúró kí ó má baà gbóná títí yóò fi gbiná, nínú ọkọ̀ tí ó kún, tí ó sì jẹ́ pé ilẹ̀kùn kan ni èrò ní. Fíùsì kékeré nítòsí bátìrì àti rọ́bà tí wọ́n fi wọ wáyà níbi tí ó bá ti kan irin, ìyẹn ni ó yẹ kí ọlọ́kọ̀ béèrè kí ó tó sanwó iṣẹ́.

Àwọn awakọ̀ ní àwáwí kejì, èyí sì lágbára ju ti bátìrì lọ: iná inú kì í jẹ́ kí wọ́n rí ojú ọ̀nà. Òótọ́ ni. Bí inú ọkọ̀ bá mọ́lẹ̀ tí ìta sì ṣókùnkùn, gíláàsì iwájú á di dígí. Ojú ara rẹ̀ àti ti àwọn èrò ni awakọ̀ yóò máa rí níbi tí ó yẹ kí ó ti rí ẹni tí ó ń sọdá. Ojú ènìyàn sì máa ń lo nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí òkùnkùn tó mọ́ ọn lára tán, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nínú iná tí ó le sì tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Iná tí ó funfun títí tí ó fi ń fi búlúù ṣe ni ó burú jù níbi èyí, òun náà sì ni àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn jù. Lára páálí gílóòbù tí ó dára, wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà tí ó parí pẹ̀lú K. Èyí tí ó wà ní nǹkan bí 3000 tàbí 4000 tutù lójú. Èyí tí ó bá ti kọjá 6000 jẹ́ ti ẹni tí ó fẹ́ ṣe fáàrí.

Ṣùgbọ́n àwáwí yìí kò sọ pé kí ọkọ̀ ṣú. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí wọ́n fi iná sí ibi tí ó yẹ. Kò sí ìdí tí iná yóò fi wà lókè orí awakọ̀ nìkan. Kí ó wà láàárín ọkọ̀ àti ní ẹ̀yìn, kí swíìṣì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti iwájú, kí wọ́n fi ìdérí pẹlẹbẹ bò ó ní apá tí ó kọjú sí gíláàsì. Nígbà tí èrò bá ń wọlé tàbí tí ó ń sọ̀kalẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ tàn. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, kí ó ku ẹyọ kan ní ẹ̀yìn, èyí tí kò le ju kí ènìyàn rí ojú ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ òfurufú ń dín iná rẹ̀ kù bí ó bá fẹ́ gbéra lálẹ́, ṣùgbọ́n kì í fi èrò sínú òkùnkùn biribiri.

Àwọn èrò kan pàápàá ń ṣe àtakò. Wọ́n ní bí inú ọkọ̀ bá mọ́lẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àwọn tí wọ́n ń já fóònù gbà lójú fèrèsé yóò rí ẹni tí fóònù rẹ̀ dára. Ẹni tí ó ti bọ́ sọ́wọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ rí kò ní fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Síbẹ̀, fóònù fúnra rẹ̀ ni fìtílà: nínú ọkọ̀ tí ó ṣókùnkùn, ojú fóònù tí ó ń tàn ni olè ń rí láti ọ̀nà jíjìn, ó sì ń rí i dáadáa ju bí ì bá ti rí i nínú ọkọ̀ tí gbogbo inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bákan náà. Ohun tí ń gba fóònù là ni kí olówó rẹ̀ fi sí àpò, kí ó sì ti fèrèsé. Bí awakọ̀ bá sì mọ ibi tí ọ̀nà ti burú, ó ní swíìṣì lọ́wọ́.

Iná LED kan wà tí ó yẹ kí àwọn aláṣẹ gbógun tì ju bí wọ́n ti ń ṣe lọ, kì í sì í ṣe ti inú. Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kọjá lálẹ́ mọ̀ ọ́n. Awakọ̀ ti rí i pé LED dára nínú ọkọ̀, ó wá lọ ra èyí tí ó tóbi fún iná iwájú, ó tì í bọ ilé tí wọ́n ṣe fún gílóòbù oníwáyà. Ilé iná iwájú ní ìṣirò nínú: ibi tí wáyà tí ó ń pọ́n wà gan-an ni wọ́n fi díwọ̀n ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò balẹ̀ sí lójú títì. LED tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò jáde láti ojú ibẹ̀ yóò fọ́n ọn ká, yóò sì tàn án sí ojú ẹni tí ó ń bọ̀ níwájú. Ẹni tí ó fi sí i rò pé òun ríran sí i. Ẹni tí ó ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀ ti fọ́jú fún ìgbà díẹ̀ lórí ìrìn kìlómítà 100 ní wákàtí kan. Ó jẹ́ ohun ẹ̀rín tí kò pani lẹ́rìn-ín pé ọkọ̀ tí iná iwájú rẹ̀ ń fọ́ gbogbo ayé lójú lè jẹ́ ọkọ̀ kan náà tí èrò inú rẹ̀ kò lè ka ṣéńjì tí wọ́n fún un.

Ta ni kí ó wá tan iná inú? Awakọ̀ dánfó yóò sọ pé òun kọ́ ni òun ni ọkọ̀, pé owó tí òun ń jíṣẹ́ lójoojúmọ́ kò jẹ́ kí òun mí. Ọlọ́kọ̀ yóò sọ pé òun kì í wọ ọkọ̀ náà lálẹ́. Àwọn méjèèjì ń sọ òótọ́, àárín òótọ́ méjì yìí sì ni èrò jókòó sí nínú òkùnkùn. Owó gílóòbù náà kò tó owó tí ọkọ̀ tí ó kún ń pa ní ìrìn àjò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn àjọ tí wọ́n ń yẹ ọkọ̀ wò kí wọ́n tó fún un ní ìwé pé ó yẹ lójú pópó ń wo táyà, wọ́n ń wo bíréèkì, wọ́n ń wo iná iwájú àti ti ẹ̀yìn. Fún ọkọ̀ tí ó ń kó èrò, ó tọ́ kí wọ́n fi ọwọ́ líle mú iná inú pẹ̀lú, kí wọ́n sì gbé ojú wo òrùlé kí wọ́n tó fi òǹtẹ̀ lu ìwé.

Nínú ọkọ̀ tí ènìyàn ń fi fóònù pè wá sí ẹnu ọ̀nà, ó tilẹ̀ yẹ kí ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fọ́tò awakọ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ wà lójú fóònù kí ó tó dé. Fọ́tò náà kò wúlò fún obìnrin tí ó ṣí ilẹ̀kùn tí kò rí ojú ẹni tí ó wà níbi ìdarí. Kí ó ní kí awakọ̀ tan iná inú kí òun tó wọlé, kì í ṣe àrífín, kò sì yẹ kí awakọ̀ rere kankan bínú sí i. Àwọn awakọ̀ ń ṣe é fún ọlọ́pàá láìjanpata.

Ṣùgbọ́n inú gáréèjì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà wà, lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀. Wọ́n ní ènìyàn ní gbogbo ibùdókọ̀ láti òwúrọ̀ kùtù, wọ́n mọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ẹni tí ó ń wà á, wọn kì í sì í gbàgbé owó tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá di aago 6:30 ìrọ̀lẹ́, kí ọkọ̀ tó bọ́ sórí ìlà láti kó èrò, kí ẹni tí ó ń gba owó náà ní kí awakọ̀ kọ́kọ́ tan iná inú. Èyí tí kò bá tàn, kí ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ríwáyà kì í jìnnà sí gáréèjì, iṣẹ́ náà kò sì gba wákàtí kan.